Ọ̀pá Abẹ́ Jíìpù

A ti gun òkè náà dé ìdajì nígbà tí ọmọ mi obìnrin fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

"Bàámi, ilẹ̀ ọkọ̀ yìí ń rìn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá. Láàárọ̀, ó ní ìjókòó le. Ní báyìí, ilẹ̀ ń rìn ín."

"Ṣé ẹsẹ̀ tìrẹ ló wà níbí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ká ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sórí ìjókòó, ó fi ọ̀tún tilẹ̀ kó má baà ṣubú. Èmi ni mo wà níwájú nítorí pé èmi ni àgbà. Òun wà lẹ́yìn, láàárín ẹrù rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lókè yẹn. Ó pẹ́ tó ti ń wá ipò náà. Òkúta ló kún ọ̀nà ibẹ̀, ọkọ̀ akérò kì í débẹ̀. Bí kò bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi gbé jíìpù wọn ga. Ó fi sípíríǹgì gígùn sí i, ó fi táyà ńlá sí i. Nígbà tó parí, ìyàwó rẹ̀ ní òun á máa gbé àkàbà dání kí òun tó lè wọ ọkọ̀ ilé òun.

Mẹkáníìkì tó bá a ṣe é kìlọ̀ fún un. Mo wà níbẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí.

"Ọ̀gá, ṣáàfù yìí ò tó mọ́."

Ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Kò tó báwo? Ṣebí ó ń yí."

"Ó ń yí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ sókè, táyà ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀. Ọ̀pá náà ti dà gẹ̀rẹ́ jù. Jọ́ọ̀ǹtì ẹ̀yìn tó so ó mọ́ ọkọ̀ ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá èyí tó gùn, ká pààrọ̀ jọ́ọ̀ǹtì mọ́ ọn."

"Ìgbà wo lo máa rí i?"

"Wọ́n á bá wa mú un wá láti ìlú ńlá. Á pẹ́ díẹ̀."

Àna mi wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ wọṣẹ́.

"Ó máa gbé wa débẹ̀," àna mi ní. "Tá a bá dé, màá pààrọ̀ ẹ̀."

Mẹkáníìkì jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́. "Ọkọ̀ yín ni."

Bí àna mi ṣe wà á délé, ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ọkọ̀, ó fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀ níwájú ilé. Kò gbọ̀n mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ lé e.

Lórí òkè lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu irin. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ọkọ̀ bẹ́ sókè. Ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ ti já, ó gba ibẹ̀ wọlé, ó na ọ̀tún, ó na òsì, ó jáde, ó tún wọlé. Àna mi tẹ bíréèkì. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́, kò rí i. Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ègé fóòmù ń já bọ́ lé wa lórí díẹ̀díẹ̀.

Gíláàsì iwájú ni mo ń wò. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wẹ̀yìn. Ọrùn mi kò gbà.

"Bàámi." Ohùn ọmọ mi rọra jáde. "Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́."

Mo wẹ̀yìn. Nǹkan kan kò ṣe èyí tó ká sórí ìjókòó. Èkejì, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Òun fúnra rẹ̀ ló darí wa. Ó sọ ibi tí ọkọ rẹ̀ máa dì mú, ó sọ ibi tí èmi máa fà. Àna mi ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí a fi dì í. Ó di ṣẹ́ẹ̀tì náà mú, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Má wò mí báyẹn," ìyàwó rẹ̀ ní. "Dì í le."

Àna mi pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ títí a fi pàdé àwọn tó ń fọ́ òkúta. Lọ́rì wọn ló gbé wa dé ọsibítù.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn ló wà ní ilé ìwòsàn òkè báyìí. Ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn ní ọsibítù ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jókòó ṣe é. Ọkọ rẹ̀ ló ń sìn ín lọ láràárọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Jíìpù náà ṣì wà lójú ọ̀nà òkè. Àwọn kan ti tú táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Sípíríǹgì gígùn yẹn ló kù.