Ojú Òsì Tíṣà

Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ mi fi ojú kan ṣoṣo wa mọ́tò láìgbá ẹnikẹ́ni, títí ìjọba fi ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún, tí òun náà sì lọ forí sọ lọ́rì lọ́nà Òrò.

Jòhánù Ọlábọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo Ọ̀mù-Àrán ń pè é. Nígbà tó wà ní kékeré, èérún igi fò sí i lójú òsì níbi tó ti ń la igi fún bàbá rẹ̀. Ojú náà kò fọ́ síta, kò sì funfun. Tí ẹ bá wò ó, ẹ ó rò pé ó ń wò yín. Kò rí nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ mọ̀, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Èmi mọ̀ nítorí pé èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un. Ife tí mo bá gbé sí apá òsì rẹ̀, ó máa dà á nù ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìkángun àga lápá òsì ló máa ń jókòó sí, kí gbogbo èèyàn lè wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ọdún kejì ìgbéyàwó wa ló tó jẹ́wọ́ fún mi, ó sì fi Bíbélì mú mi búra pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹwàá ọdún 1960, ọ̀sẹ̀ tí a gba òmìnira gan-an, ló ra mọ́tò náà lọ́wọ́ òyìnbó míṣọ̀n kan tó ń padà sílé rẹ̀. Mọ́tò kékeré ni, àwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto. Ó sọ ọ́ ní Òmìnira. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn èèyàn fi ń wá kí wa, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Ẹni tó dán an wò kó tó gba láísẹ́ǹsì ní kó ka nọ́ńbà tó wà lára ògiri, ó sì kà á. Kò sọ pé kó fọwọ́ bo ojú kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí i wà. Apá ọ̀tún ni sítíárìn mọ́tò náà wà, apá òsì títì ni gbogbo wa sì ń gbà nígbà yẹn. Ohunkóhun tó bá ń bọ̀ níwájú, apá ọ̀tún ló ti máa yọ sí i, ojú rẹ̀ tó ríran ló sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lápá òsì, ó máa fọn fèrè fún wọn títí wọ́n á fi bọ́ sínú koríko. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀.

Ó fẹ́ràn mọ́tò yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Sátidé, ó máa bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó máa fi ìgbálẹ̀ ṣíṣẹ́ yọ ẹrẹ̀ inú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mọ́tò náà kì í sì í dúpẹ́. Tí a bá ń gun òkè, rẹdíétọ̀ á hó, a óò sọ̀ kalẹ̀, a óò máa dúró kó tutù ká tó bu omi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi aṣọ ìsìn mi tì í dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá gbọ́ràn, tí a bá ń ti Òkè-Onígbìn bọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí iṣu wà lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, ọkọ mi máa ń kọrin. Kì í kọrin níbòmíràn.

Bùkárì ló ń tún un ṣe. Ará Ìlọrin ni, ó ti wá jókòó sọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáráàjì ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti Tíṣà máa ń jà lórí mọ́tò náà bí orogún.

"Tíṣà, mọ́tò yín ò ṣàìsàn. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó sinmi."

"Mo gbọ́ ohùn kan nídìí rẹ̀, Bùkárì. Ó ń ṣe kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀."

"Apá ibi tí Ìyá Ṣaléwá ń jókòó sí ni. Ẹ ní kí wọ́n dín búrẹ́dì kù."

"Ìwọ tí o ń jẹ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ńkọ́?" ni èmi Ìyá Ṣaléwá bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe tà. Èmi àti Fulera ọ̀rẹ́ mi la jọ ni ààrò náà.

Ní ìparí ọdún 1971, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé tó bá di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ Àjíǹde, apá ọ̀tún ni gbogbo mọ́tò máa gbà jákèjádò Nàìjíríà. Tíṣà ló kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa sọdá títì. Ó fi ẹfun fa títì sórí ilẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ dáadáa dáadáa fún wọn. Nílé, kò lè jókòó sójú kan. Á dìde lórí oúnjẹ, á lọ wo mọ́tò, á padà wá. Á gun kẹ̀kẹ́ yípo pápá ilé ìwé lápá ọ̀tún. Lọ́jọ́ kan mo bá a nínú mọ́tò tí kò tan iná rẹ̀, ó ń yí gbogbo ọrùn rẹ̀ sí òsì bí adìyẹ tó fẹ́ mumi.

"Ọrùn ń dùn mí," ló wí.

"Ẹ tà á."

"Ta ọmọ rẹ ná."

"Ọmọ mi ò ní lọ kọlu lọ́rì."

Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá Ṣaléwá, tí mi ò bá wa mọ́tò mọ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ẹ sọ pé ẹ ò ríran lójú kan."

"Wọ́n á gba láísẹ́ǹsì mi. Gbogbo ọmọ ilé ìwé á máa fi ojú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ mi."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tí mo sì sọ nìyí, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́: mo ní kó jẹ́ kí n máa jókòó sí apá òsì rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ, kí n máa wò ó fún un.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Lọ́jọ́ Àjíǹde, lẹ́yìn ìsìn, a wa Òmìnira lọ sí Èsìé lápá ọ̀tún títì. Tí kò bá sí nǹkan níwájú, màá ní, "Ó mọ́." Tí nǹkan bá ń yọ, màá ní, "Ó ń bọ̀." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kẹ̀kẹ́ méjì la yà sílẹ̀, lọ́rì kan la dúró dè. Mo di ilẹ̀kùn mọ́tò mú ṣinṣin títí a fi dé Òrò, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa dé Èsìé, mo ti ń gbádùn rẹ̀. Mi ò ní purọ́. Inú mi dùn pé ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo ilé ìwé kò lè yà fún kẹ̀kẹ́ láìjẹ́ pé mo lanu. Ó kọrin bọ̀ wálé.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ojoojúmọ́ ni Tíṣà ń lọ síbì kan. Ìpàdé wà ní Òrò, òkú wà ní Òwu-Ìsin, bàtà tó fẹ́ rà wà ní Ìlọrin. Tí mo bá ń po ìyẹ̀fun, màá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń ró wọrawọra lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó tún ti dé," Fulera á ní. "Lọ, ìyàwó mọ́tò."

Búrẹ́dì jó lẹ́yìn mi. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbòmíràn. Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò kí n máa wà á, kí òun jókòó ti mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kí gbogbo ìlú máa wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bí àpò iṣu?"

"Èmi tí wọ́n ti ń wò bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹrin ńkọ́?"

Ó lọ jókòó sínú mọ́tò, ó ń dúró dè mí.

Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, àwọn ará Èkó wálé fún Kérésìmesì. Ọláṣẹ̀hìndé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, gbé mọ́tò tuntun wá, èyí tí sítíárìn rẹ̀ ti wà lápá òsì. Ọjọ́ tó dé náà ni Bùkárì tún bíréèkì Òmìnira ṣe. Ó pè mí kí n jókòó sídìí sítíárìn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Ìyá Ṣaléwá. Ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó le?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó le bí òkúta.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin jókòó sí iwájú ilé wa. Tíṣà ní òun fẹ́ lọ gbé àga wá ní Òrò, ó pè mí. Mo ní kó dúró díẹ̀, búrẹ́dì Kérésìmesì wà nínú ààrò.

Ọláṣẹ̀hìndé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí o. Ṣé ìyàwó yín ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ yín ni? Mi ò tíì rí yín lẹ́ẹ̀kan kí ẹ dá lọ."

Ẹnì kan ní, "Ìyàwó rẹ̀ ń ṣọ́ ọ ni. Ó gbọ́ pé Tíṣà ní ìyàwó kan ní Òrò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí ààrò kí n yára kó búrẹ́dì jáde, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Òmìnira tan. Mo sáré jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Eruku rẹ̀ nìkan ni mo bá.

Mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Mo rìn dé gáráàjì, mo padà. Mo tún rìn dé ibẹ̀. Mò ń sọ ọ́ lẹ́nu bí wèrè: ó mọ́, ó mọ́, ó mọ́. Fulera fà mí lọ́wọ́, mo já ara mi gbà.

Ọ̀sán ni wọ́n gbé e dé, iwájú orí rẹ̀ ti là. Ó ya kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ níbi kọ́nà, lọ́rì sì ń bọ̀. Awakọ̀ lọ́rì sá fún un dénú igbó, ṣùgbọ́n ìdí lọ́rì gbá iwájú Òmìnira. Apá awakọ̀ náà kán. Kẹ̀kẹ́ lọ láìfarapa.

"Kí ló ṣe yín?" Ọláṣẹ̀hìndé bi í.

Ọkọ mi wo gbogbo wọn. Èmi ló wò gbẹ̀yìn. "Bíréèkì ni," ló wí. "Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn."

Ó tún kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún kà. Ó kọ nípa àwọn oníṣẹ́ tí kò bìkítà fún ẹ̀mí ọmọnìyàn. Àwọn ọlọ́pàá gba ìwé náà gbọ́, nítorí Tíṣà ló kọ ọ́. Nígbà tí a ku àwa méjì, mo ní, "Mo tẹ bíréèkì yẹn." Ó ní, "O búra." Ó yíjú sí ògiri.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí dẹ́rẹ́bà kan tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò mọ́. Àwọn tó ti ń jẹun pẹ̀lú Bùkárì láti ọdún márùn-ún ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Wọ́n ní àlejò ni, wọn ò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi nídìí ààrò. Kò jókòó.

"Ìyá Ṣaléwá, ẹ̀yin lẹ tẹ bíréèkì yẹn. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

Fulera ń wò mí. Mo fi ọwọ́ nu etí àwo, mo tún un nù.

"Bùkárì, kí ni mo mọ̀ nípa mọ́tò?"

Ó ní, "Wàláhì, ẹ mọ̀ ọ́n." Ó lọ. Kò mú búrẹ́dì tí mo nà sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn kiri inú ilé mi kí n tó lọ sí gáráàjì, kí n sì sọ gbogbo rẹ̀ sójú àwọn dẹ́rẹ́bà: ojú òsì, ìbúra, bíréèkì. Àwọn ọlọ́pàá gba láísẹ́ǹsì Tíṣà. Òmìnira wà lẹ́yìn ilé, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Tíṣà ń fẹsẹ̀ lọ ilé ìwé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ju ohun tó kan oúnjẹ lọ. Mo lè gbé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Bùkárì ti lọ ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó sọ̀rọ̀. Mo wá a lọ sí Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó rí i, nínú ọjà, lábẹ́ àpò ìrẹsì tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ fún un pé gbogbo Ọ̀mù-Àrán ti mọ òótọ́, pé kó máa bọ̀. Ó ní òun ti ta gbogbo sípánà òun, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé Ìlọrin ṣáájú òun, kò sí ẹni tó jẹ́ fún òun ní mọ́tò tún ṣe. Ó na ọwọ́ láti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.