Búrẹ́dì Ọ̀sẹ̀ Agẹmọ

"Ẹ gé ibi tó bu dànù, kí ẹ kó ìyókù fún àwọn tó ń lọ tà á ní Ìbefún," ni Ọ̀gá Harold wí, tó fi áńkáṣíìfù bo imú.

Adébùsọ́lá wo òkìtì búrẹ́dì inú yàrá náà. Òun ló ń pín búrẹ́dì fún àwọn obìnrin tó ń kiri láti ìgbà tí Ọ̀gá ti dá ilé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì gbọ́ irú èyí rí. Yàrá náà ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká mọ́ inú àpótí. Búrẹ́dì mìíràn ti hewú, òmíràn hu irun àwọ̀ ewé, ti ìsàlẹ̀ sì ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Ní ayé ìgbà náà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú mọ òun ní oníṣòwò gidi á ní òun ti kó iṣẹ́ òun sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Harold kò ní ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ní ẹ̀rọ, tí í fi bá oníṣòwò ṣe ìṣirò. Dírẹ́bà á gbé iye búrẹ́dì tí wọ́n tà lọ síbẹ̀, ẹ̀rọ á sọ iye tí wọn yóò yan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí Adébùsọ́lá bá ní ọjà fẹ́ dá, Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní kó lọ bá kọ̀ǹpútà jà.

Kọ̀ǹpútà kò kúkú mọ ọdún Agẹmọ. Adébùsọ́lá ti bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n tẹ Èkó láago: bí Agẹmọ bá ń kọjá, obìnrin kì í jáde, obìnrin ló sì ń kiri búrẹ́dì. Ojú ti Ọ̀gá. Ṣé òun, olórí ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni yóò máa sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé pé òrìṣà dá iṣẹ́ òun dúró? Wọ́n yan iye tí ẹ̀rọ wí. Agẹmọ jáde, ìlú pa rọ́rọ́, òjò ń rọ̀, búrẹ́dì ń bu títí ọdún fi parí.

"Ọ̀gá, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jẹ ẹ́," Adébùsọ́lá wí níkẹyìn.

"Ìyá Olúyọmí, ṣé májèlé ni? Ẹ yan án díẹ̀ sí i, á gbẹ. Ará Ìbefún kò mọ ilé wa."

Adébùsọ́lá mú ọ̀kan, ó bù ú sí méjì. Inú búrẹ́dì náà ń fà bí ilá. Ó na ìlàjì sí ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ tọ́ ọ wò fún mi."

Ọ̀gá fà sẹ́yìn. "Mo ti jẹun láti ilé."

"Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kó fi mu tíì," ni Mọ́rúfù tó ń po ìyẹ̀fun dá sí i.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá padà bá ẹyọ kan nílẹ̀, kí Ìyá Olúyọmí wá iṣẹ́ mìíràn. Ó wọ mọ́tò lọ.

Opó ni Adébùsọ́lá. Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ Olúyọmí ọmọ rẹ̀. Lẹ́nu géètì, Fàtímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kiri ti gbé àtẹ dé, wọ́n ń ké pé mọ́tò Ìbefún ti ń kún. Mọ́rúfù na ọ̀bẹ tí yóò fi gé ibi tó bu sí i.  Adébùsọ́lá gbé kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń dáná ààrò, ó sì dà á sórí búrẹ́dì náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Ó nu ọwọ́, ó jáde.

"Fàtímọ̀, ẹ máa lọ sílé. A kò ní búrẹ́dì."