Kò Sẹ́ni Tó Ń Bọ̀

Bí ẹ bá rí Àrìnkẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà ní ìjọ rẹ̀, nínú aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, tó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, ẹ ò ní gbà pé òun ló ń fi píkọ́ọ̀pù kó kòkó láti oko Atosin wá sí Odode nílùú Ìdànrè. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Oyèṣọlá, ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀kadà ni Oyèṣọlá gùn lọ sóko lọ́jọ́ tí ọkọ̀ agégẹdú kan yọ sí i ní kọ́nà láìfọn fèrè, tó sì pa á. Awakọ̀ náà ní òun kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lọ́nà. Àrìnkẹ́ kò dárí jì í rí, kò sì díbọ́n pé òun ti dárí jì í.

Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́nà oko Ìdànrè mọ òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé. Àpáta kì í jẹ́ kéèyàn rí iwájú, igi kòkó ló bo ìyókù. Bí èèyàn bá fẹ́ dé kọ́nà, yóò fọn fèrè ọkọ̀, yóò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, yóò sì tẹ́tí. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ níwájú, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí kò bá sí èsì, ọ̀nà ṣófo nìyẹn, kó máa lọ. Àwọn àlejò máa ń pè é ní ariwo, àmọ́ wọn kì í pẹ́ kọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn kan wá la pápá eré ìje ọkọ̀ sí ẹ̀yìn Owena, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù máa gbé ọkọ̀ tó fi ń jẹun wá ní gbogbo Sátidé, Àrìnkẹ́ gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ àwọn mìíràn nínú wọn kò lè gun òkè láìfi òkúta há táyà, síbẹ̀ wọ́n ráyè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá yí pápá náà po kí ìṣẹ́jú méjì tó pé nìkan ni wọn yóò mú fún àṣekágbá. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni Àrìnkẹ́ ń lò, kò sì dín. Ó fẹ́ wọ àṣekágbá náà débi pé ó ń yí kọ́nà méjèèje pápá náà lọ́kàn lórí ibùsùn. Láti ọjọ́ tó ti di opó, gbogbo ohun tó ń ṣe, tìtorí ẹlòmíràn ló fi ń ṣe é. Èyí nìkan ni tirẹ̀.

Olútìmẹ́hìn ni kóòṣì wọn. Ó ti wa ọkọ̀ ìdíje jẹun fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀ òkèèrè kó tó padà wálé, kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó dé akoto, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àrìnkẹ́, wọ́n yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló ní kó dúró. Ó sọ fún un pé bíréèkì rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ sì mú ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, àmọ́ ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ kan máa ń kúrò lórí sítíárì lọ síbi fèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì fi tọ́tù sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

“Kí lẹ máa ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹn, Ìyá Àdúrà?”

Àrìnkẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Mò ń gbọ́ bóyá ẹnì kan ń bọ̀ ni, sà.”

“Ojú kan náà ni gbogbo wa kọ sí níbí,” ni Olútìmẹ́hìn wí. “Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.”

Gbólóhùn yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bí kóòṣì ṣe rò lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tẹ́tí ní gbogbo kọ́nà. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú, ó wo ibi tó máa gbà jáde dípò ibi tó ń wọ̀, ó sì tẹ tọ́tù. Omi bọ́ lójú rẹ̀ nínú akoto, ayọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní Sátidé keje, kóòṣì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; nígbà tí wọ́n yí pápá po tán, Faith, ọmọbìnrin tó ń ka àkókò, wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó pariwo rẹ̀ jáde: ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ìṣẹ́jú méjì pé. Ó fi bírò kọ orúkọ Àrìnkẹ́ àti àkókò rẹ̀ sínú ìwé, sábẹ́ àwọn tó ń lọ sí àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Àrìnkẹ́ kó kòkó bọ̀ láti Atosin. Nígbà tó dé kọ́nà kan lábẹ́ àpáta, ó tẹ bíréèkì níbi tó yẹ, ó yí sítíárì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń wo ibi tó máa gbà jáde. Ó yí i dáadáa, inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn sí i. Ìgbà náà ló rí ọ̀kadà níwájú rẹ̀.

Ẹni tó gùn ún já wọ inú igbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dì sẹ́yìn fọ́n ká. Àrìnkẹ́ sáré bọ́ sílẹ̀ lọ bá a. Ọlọ́runníyì lorúkọ ọkùnrin náà, ará Ìsẹ́yìn tó wá ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko kòkó. Orúnkún rẹ̀ bó, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bú u. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé.

“Mọ̀mí, mo fọn fèrè o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọn ọ́n. Nígbà tí ẹ ò dáhùn, mo ní ọ̀nà ṣófo ni.”

Àrìnkẹ́ wá ìró fèrè náà nínú orí rẹ̀, kò rí i. Etí rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Fún ọdún mọ́kànlá ló ti ń pe awakọ̀ agégẹdú yẹn ní ìkà èèyàn. Ó wá yé e báyìí pé ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló kàn ń rò, tó sì ń wakọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ojú tì í níwájú ẹni tí kò mọ ohun tó ń tì í lójú. Ó gbé Ọlọ́runníyì lọ sí kẹ́míìsì, ó gbé e délé, ìyàwó ọkùnrin náà sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúpẹ́ yẹn dùn ún ju èébú lọ.

Ní Sátidé, ó dé pápá kí àwọn yòókù tó dé. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún Olútìmẹ́hìn, ó sì ní kí wọ́n yọ orúkọ òun. Kóòṣì kò gbà. Ó ní gbogbo ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà ló máa ń rí irú rẹ̀, pé tó bá yá, ara fúnra rẹ̀ á mọ ìyàtọ̀ láàárín pápá àti ọ̀nà.

“Èmi náà, ó gbà mí tó ọdún méjì. Ẹ ní sùúrù, Ìyá Àdúrà.”

“Mo lè ní sùúrù, sà,” ni Àrìnkẹ́ dáhùn. “Àwọn tí mo máa pàdé lọ́nà láàárín ọdún méjì yẹn ńkọ́?”

Olútìmẹ́hìn pe Faith pé kó mú ìwé wá. Ọmọ náà fa ìlà gba orí orúkọ Àrìnkẹ́, ó fẹ́ fà á gba orí àkókò rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ Àrìnkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ìyẹn wà níbẹ̀. Ó dùn ún wọra, kò sì fi pamọ́. Ó bojú wo kóòṣì.

“Ṣé èmi fúnra mi ni mo fi àkókò yẹn yí pápá po, sà?”

“Ẹ̀yin ni,” ni Olútìmẹ́hìn wí. “Mo jókòó tì yín.”