Ẹran Iléyá Tí Tíṣà Sàníù Dá Padà

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́: ọkùnrin tó bá ń pariwo pé òun ò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni, ẹni tí yóò tẹ̀lé òun ló ń wá. Tíṣà Sàníù ti Aba Ìdí-Ìyá, lẹ́yìn Moniya, kò yàtọ̀.

Ní aba yẹn, bí èèyàn ṣe ń jogún ilẹ̀ oko ló ń jogún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹgbẹ́ tí baba Sàníù dìbò fún kó tó kú ni gbogbo agbo ilé ń dìbò fún, bí ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ ti pa orúkọ dà lẹ́ẹ̀mẹta. Ishaq, ẹ̀gbọ́n Sàníù, ló jẹ́ alága wọn ní wọ́ọ̀dù fún ọdún mọ́kànlélógún, títí ó fi ní orúnkún ń dun òun, tó gbé ipò náà sílẹ̀. Síbẹ̀, Alága náà ni gbogbo aba ṣì ń pè é.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́yìn tí Sàníù fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó jókòó, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun gbà gbọ́ gan-an. Ó rí i pé òun fẹ́ kí ilé ìwé ní òrùlé, kí ọ̀nà oko ṣeé gbà lásìkò òjò, kí wọ́n má sì fi àpò ìrẹsì ra àgbàlagbà. Kò rí ẹgbẹ́ kankan tí èyí jọ. Ìrònú tó dára ni. Ká ní ó mọ síbẹ̀! Ó rán agbádá funfun, ó ní àwọ̀ tí ẹgbẹ́ kankan ò dá ni ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ladáànì, ó sì kéde pé ẹ̀rí ọkàn òun ni alága òun láti òní lọ.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ishaq ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó rọra lọ sílé.

Nígbà tí Iléyá dé, Ishaq fi itan àgbò ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn olóṣèlú a máa fi àgbò ta àwọn àgbà ẹgbẹ́ lọ́rẹ nígbà ọdún. Sàníù wo itan náà bí ẹni wo ejò.

“Ẹ gbé e padà. Ẹran ẹgbẹ́ ni.”

Zubaidah, ìyàwó rẹ̀, káwọ́ lérí. “Bàbá Mahfuz, ẹran ò ní káàdì ẹgbẹ́ o! Ẹ jẹ́ ká sè é ná. Bó bá polongo ìbò nínú ìkòkò, ká dá a padà.”

“Ìlànà ni, Zubaidah.”

“Ẹ kú ìlànà. Òun náà la ó fi jẹ iyán lónìí.”

Wọ́n gbé itan náà padà. Láti ọjọ́ náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò wọlé ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà oko, Sàníù á dọ̀bálẹ̀ dáadáa, Ishaq á ní, “Pẹ̀lẹ́, Tíṣà,” oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Sàníù. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ebè ni. Ṣùgbọ́n ó ti búra lójú Zubaidah pé ọjọ́ tí Ishaq bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni òun yóò kọjá ìloro rẹ̀. Ó ń retí ọjọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Ishaq, lójijì, nínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Wọ́n sin ín kí ìrun Alásàrí tó kọjá.

Ní ọjọ́ fìdáù, Sàníù wọ agbádá funfun, ó dúró sẹ́nu ìloro tí ò wọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó ti há ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún àwọn ará ẹgbẹ́ sórí, bí wọ́n bá kó àsíá dé: pé òkú ò ní ẹgbẹ́. Àwọn ààfáà ka Kùránì tán. Wọ́n jẹ sàárà, wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbé àsíá wá. Inú bí i díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣòfò.

Ó lọ bá Fàtímọ̀, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Ìyá Kifayah, àwọn ará ẹgbẹ́ dà? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbà wọn nìyí?”

Fàtímọ̀ gbójú sókè. “Ẹgbẹ́ wo, ọkọ mi?”

“Ẹgbẹ́ tí Búọ̀dá ń ṣe.”

“Búọ̀dá yín ò ṣe ẹgbẹ́ kankan mọ́. Ó dá káàdì wọn padà fún wọn ní Moniya. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé ó dùn mọ́ yín nínú pé ẹ̀yin nìkan lẹ kúrò.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ku oṣù méjì kẹ́ ẹ tó kéde tiyín.”