Àwọn Agbọ́n Abẹ́ Àgbálùmọ̀

Ògùṣọ̀ ṣì ń jó lọ́wọ́ Ìyá Bùnmi, èéfín ṣì ń rú lábẹ́ páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí Tẹniọlá ti ẹnu géètì wọlé. Ilé agbọ́n tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ ti já bọ́ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, iná ti jẹ ẹ́, ó ti di eérú. Ìyá Bùnmi fi gèlè àtijọ́ di orí, ó fi bo imú, ó tún gbé ẹ̀wù òtútù olóògbé ọkọ rẹ̀ wọ̀ bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Bó ṣe rí ọmọ náà, ó tú gèlè kúrò lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín.

"Káàbọ̀, Tẹni. Wò ó, mo ti gbà wá lọ́wọ́ wọn. Kò sí èyí tó máa ta ẹ́ mọ́ nínú ilé yìí."

Tẹniọlá rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó wo eérú, ó wo òkè páànù tó ti dúdú, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Mà," ó ní, "ilé agbọ́n yẹn ni iṣẹ́ mi."

Kì í ṣe pé Ìyá Bùnmi kò gbọ́ ọ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí ọmọ náà wá gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀ ní Erunmu, ó ti sọ pé òun ń kàwé kún ìwé ní yunifásítì, pé agbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gan-an ló gbé òun wá. "Ẹ mọ àfòmọ́ tó ń hù lórí igi kòkó, Mà? Tó jẹ́ omi ara igi ló ń mu? Àwọn kòkòrò kan wà tó ń ṣe agbọ́n bẹ́ẹ̀. Inú ikùn agbọ́n ni wọ́n ń gbé. Mo fẹ́ mọ irú ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́, kí n lè tò wọ́n sí ìdílé wọn." Ìyá Bùnmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Agbọ́n tó ń ta gbogbo ayé náà ní ẹni tó ń jẹ ẹ́ lára? Olúwa ò kúkú fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìní àna."

Ó sì ti ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kan ilé agbọ́n náà. Ṣùgbọ́n àna tòótọ́ ló dé sí ọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí Sanmí, ọkọ tí Bùnmi fẹ́ fẹ́, pè láti Olódò pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí làwọn máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

"Ìwọ náà rò ó wò," Ìyá Bùnmi ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni Sanmí àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sí. Kí agbọ́n wá ta ọmọ ọlọ́mọ nídìí níbi tó ti ń kí àna? Wọ́n á ní èyí la fi pàdé wọn."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Tẹniọlá, omijé ló bọ́. "Mo gbọ́, Mà. Ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n abo kòkòrò náà nìkan ni mo ní nínú ìgò. Abo ò lójú, kò lẹ́sẹ̀, kò ní ìyẹ́. Inú agbọ́n ló ń gbé títí tó fi máa kú, orí nìkan ló ń yọ síta. Gbogbo wọn ló jọra. Akọ nìkan ló ń jáde, akọ nìkan ló ní ìyẹ́ tí èèyàn lè kà bí ẹní ń kàwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adémidé ní láìrí akọ, n kò lè sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, n kò sì lè parí ẹ̀kọ́ mi."

"Bí ilà ojú ni," Ìyá Bùnmi ní. "Ẹni tí kò kọlà, ta ló máa wò ó mọ ilé tó ti wá."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Mà. Tí ọyẹ́ bá dé, agbọ́n á fọ́n ká, ó di àmọ́dún. Kò sì sí ẹni tó máa gbé mi dúró dé àmọ́dún."

Ìyá Bùnmi ti ògùṣọ̀ bọ inú korobá omi. Ó rò ó pé ọmọ tó ń bá òun pọn omi rèé, ọmọ tó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi fóònù kọ̀wé sí Bùnmi. Ó wá dà bíi pé ìwé ọmọ náà ni òun kó jọ tí òun dáná sun.

"Gbogbo wọn kọ́ lẹ pa, Àǹtí mi."

Láti abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni ohùn náà ti wá. Lásárù ni, àbúrò Ìyá Bùnmi. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ pákó tí Lásárù ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé ló ti wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orí àga onírin kan tó ti dípẹtà lábẹ́ igi náà ló sì ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú bá a. Kò mutí, kò jà, kò jalè. Ó kàn ń jókòó. Ọjọ́ tí inú bá bí Ìyá Bùnmi, á ní òun máa ta àga náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí òun wo ibi tí Lásárù máa fi ìdí lé.

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ sun," Lásárù ní. "Àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ wà lọ́dọ̀ mi níbí."

"Ta ni kò mọ̀ pé àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ wà lọ́dọ̀ ẹ?" Ìyá Bùnmi dá a lóhùn.

Tẹniọlá gbé orí sókè. "Bùrọ̀dá, àwọn wo?"

"Agbọ́n. Wọ́n wà lábẹ́ ewé lókè orí mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọn kì í gbé oúnjẹ lọ sílé, wọn kì í mọlé, wọn ò tilẹ̀ ta èèyàn. Wọ́n ń jókòó, èmi náà ń jókòó. A ò yọ ara wa lẹ́nu."

Tẹniọlá ti dé abẹ́ igi kí Lásárù tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí Lásárù dìde, ó gorí àga onírin náà, ó tan iná fóònù sí abẹ́ ewé àgbálùmọ̀ tó pọ́n bí idẹ. Agbọ́n bíi mẹ́wàá so mọ́ra wọn níbẹ̀, ìyẹ́ wọn ká mọ́ wọn lára, wọn kò mira. Ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó di Lásárù lọ́wọ́ mú.

"Mo kà á nínú ìwé pé àwọn tí kòkòrò wà nínú wọn máa ń kúrò nílé lọ kóra jọ síbòmíràn. Gbogbo oko kòkó Erunmu ni mo ti wá wọn lọ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mi ò wò."

Ó fi han Ìyá Bùnmi nígbà tó mú ọ̀kan sínú ìgò. Láàárín ìdí agbọ́n náà, níbi tí ara rẹ̀ ti pín sí ìlà-ìlà, ohun kan yọ pẹlẹbẹ bí kóró ata. Abo nìyẹn. Lára òmíràn, ohun dúdú kan ló yọ rìbìtì bí orí ìṣó.

"Akọ ló wà nínú ibẹ̀ yẹn, Mà. Ó máa ṣí ìdérí yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó máa fò jáde. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti kú."

"Iṣẹ́ kí ló wá ṣe láyé ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo?"

"Ìyàwó ló wá wá, Mà."

"Òun náà ń lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́," Ìyá Bùnmi ní, ẹ̀rín tún padà sí ojú rẹ̀. Ó wá tẹjú mọ́ agbọ́n inú ìgò. "Ọ̀lẹ gbáà lèyí náà, tó fi ilé sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀lẹ, Mà. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ló ti gba agbára iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá wò ó lóde, kò sí nǹkan tó ṣe é."

Ìyá Bùnmi yí ojú wo Lásárù, ó sì tètè yí i padà.

Tẹniọlá kó àwọn agbọ́n tí orí ìṣó wà lára wọn sínú àpótí aláwọ̀n, ó fi omi ṣúgà sí i, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀ka àgbálùmọ̀. Ìṣòro kan ló kù. Ó ti fi agbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí. Ó lọ pọn omi láàárọ̀, kó tó dé, akọ ti jáde, ó ti gba ojú ihò kékeré kan bọ́ sílẹ̀, eèrà ti wọ́ ọ lọ. Ohun tó nílò ni kí ẹnì kan tí kò níbi tó ń lọ máa wò ó láti ìdájí, láìgbé ojú kúrò.

"Kí n kàn jókòó, kí n máa wò ó?" Lásárù béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùrọ̀dá."

"Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn."

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ká Ìyá Bùnmi lára, nítorí ètò mìíràn ló ti ṣe fún Lásárù. Bàbá Sanmí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bó ṣe ń bi èèyàn ní orúkọ ló ń bi í ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Bùnmi ti bẹ Lásárù pé kó lọ sí abúlé lọ́jọ́ Sátidé, Lásárù sì ti gbà láìjanpata, èyí tó tilẹ̀ dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju kó kọ̀ lọ. Ní báyìí tó ti ní kí Tẹniọlá bá òun gba àlejò, ta ni yóò ṣọ́ àpótí?

"Dúró," ó sọ fún un níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n má kúrò lábẹ́ igi yẹn. Tí wọ́n bá béèrè ẹ, màá ní o ń ṣòwò pákó."

"Àǹtí mi, pákó wo?"

"Èyí tó wù ẹ́."

Ní gbogbo àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí àkùkọ tó kọ tán, Lásárù ti wà lórí àga. Ìyá Bùnmi gbé ẹ̀kọ gbígbóná bá a, ó gbà á láìyí ojú padà. Kò sí ohun tó jáde. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀kan nínú àwọn agbọ́n náà kú, Tẹniọlá kò sì lè jẹun alẹ́.

Sátidé dé. Àwọn àna kò fi aago ṣeré rárá. Kí Bùnmi tó wé gèlè tán, Sanmí àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti na gbalaja sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń kí. Ìyá Bùnmi gbójú sókè wo páànù, ó dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n wọ pálọ̀. Wọ́n gbàdúrà. Bàbá Sanmí, ọkùnrin gíga tó gbé gíláàsì ojú lé imú, bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ń ta aṣọ, èyí jẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí ń dáko. Tẹniọlá ń gbé omi tútù yípo.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Lásárù fi wọlé.

Bùbá ara rẹ̀ ti ṣá, kò wọ bàtà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo pẹrẹsẹ kan, ife gíláàsì ni ó dojú dé orí rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna wa," ó ní. "N ò lè kí yín bó ṣe yẹ. Ọwọ́ mi dí."

Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ pákó ti kógbá wọlé, Ìyá Bùnmi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àbúrò rẹ̀ rí.

Tẹniọlá ti gbé ọ̀pọ́n omi sílẹ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Nínú ife náà, ohun kan tí kò tó ìdajì eṣinṣin ń ju ìyẹ́ funfun bíi wàrà, ó ń gbọ̀n ọ́n bí abẹ̀bẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ síta wúruwùru bí ìdì ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fa bébà pélébé kan yọ nínú àpò, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí itan rẹ̀.

"Erunmu," ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́. "Abẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bùrọ̀dá, kí ni orúkọ bàbá yín? Orúkọ ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ wà níbí."

"Fárìndé."

"Ẹni tó mú un: Lásárù Fárìndé."

Bàbá Sanmí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ìyá ìyàwó wa," ó sọ fún Ìyá Bùnmi, "ta ni bàbá yìí, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Òwò pákó ti dé ètè Ìyá Bùnmi. Ó wo Lásárù tó ṣì tẹjú mọ́ ife, ó gbé òwò pákó náà mì.

"Àbúrò mi ni, sà. Ó pẹ́ tí kò ríṣẹ́. Ní báyìí, ó ń bá àwọn yunifásítì ṣọ́ kòkòrò inú agbọ́n."

"Inú agbọ́n?" Bàbá Sanmí ti dìde lórí àga. "Agbọ́n ní nǹkan nínú?"

"Ó ní, sà," Lásárù ní. Ó gbé àwo fún Tẹniọlá, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ó ku ọ̀kan tí kò tíì jáde."

"Lásárù, wá jókòó síwájú níbí," Ìyá Bùnmi ní.

"Àǹtí mi, ó lè jáde nígbàkígbà."

Ó ti lọ. Bàbá Sanmí dúró díẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Bùnmi, ó wá ká etí agbádá sí èjìká, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń bi Lásárù ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, Lásárù sì ń dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ṣé kí n pe Dádì wọlé, Mà?" Sanmí béèrè, ojú ń tì í.

"Fi wọ́n sílẹ̀," Ìyá Bùnmi ní.

Ó wo àga onítìmùtìmù tí ó ti tọ́jú fún olórí àwọn àna, ó gbé e sí orí, ó bá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ àgbálùmọ̀. Bàbá Sanmí dúpẹ́, ó sì fẹ́ jókòó.

"Ẹ má bínú, sà," Ìyá Bùnmi ní, "màá gbé tiyín bọ̀. Ti Lásárù nìyí."