Ẹ̀gbọ́n Orí Àpò Dùùrù

Dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì náà dàgbà ju gbogbo ẹni tó ń jọ́sìn níbẹ̀ lọ, kò sì mọ iná mànàmáná rí. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Àpò awọ ńlá kan wà ní yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ fẹ́ títí yóò fi wú, àwọn òkúta orí rẹ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè fi agbára gba inú fèrè jáde.

Lówùúrọ̀ yìí, Atẹdùùrù ń làágùn. Àwọn àgbà ìjọ ń bọ̀ wá gbọ́ dùùrù náà. Bí ohùn rẹ̀ kò bá dùn, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin àtijọ́, wọ́n á ra oníná. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ohùn tó jáde sì dà bíi ti ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú.

Ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn. Agbálẹ̀, tó máa ń bá a fẹ́ àpò, wà níbẹ̀.

"Òkúta dà?"

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n kó gbogbo pàǹtírí inú yàrá yìí dànù torí àwọn àgbà. Ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ ti kó òkúta náà mọ́ ọn lọ."

Bàtà àwọn àgbà ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo tó kún bẹ́ǹṣì iwájú ni obìnrin tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Atẹdùùrù. Lánàá gan-an ni àbúrò rẹ̀ yìí gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, tó ní ó ti sanra jù, àwọn àga ilé òun ń bẹ̀bẹ̀.

Atẹdùùrù sáré fà á wá sí yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jókòó lórí àpò yìí."

"Èmi tí àga ń bẹ̀?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ má bínú, ẹnu mi ló ṣẹ̀."

"Ẹnu tí o fi lé mi nídìí àwo náà lo fi ń bẹ̀ mí." Síbẹ̀ ó jókòó. Àpò náà kérora, ó sì gbà.

Atẹdùùrù sáré padà lọ tẹ dùùrù, ohùn rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀ṣì dé àjà, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àfi bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wo Agbálẹ̀ tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bó ṣe ń fi fífẹ́ àpò gbé òun lọ sókè, ni ẹ̀rín bá mú un. Bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ni orin ń gbọ̀n. Atẹdùùrù gbà pé ó ti tán fún òun.

Olórí àwọn àgbà nu omijé. "A ò tà á mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń gbọ̀n yẹn, a fẹ́ máa gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n tọ́ díẹ̀ wò, ó ti àwo sẹ́yìn, ó ní òun ti gba ìmọ̀ràn àbúrò òun, òun fẹ́ kí ara òun fúyẹ́ díẹ̀. Atẹdùùrù fa àwo náà padà síwájú Ẹ̀gbọ́n, ó kó ẹran tirẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun. Ẹ ro ti dùùrù."