Ta Ló Ń Bá Mi Ta Ayò Mi?

Olè! Ohun tí mo pe Saheed nìyẹn, lójúmọmọ, nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Òrè, níwájú èèyàn mẹ́sàn-án tó wá fi fóònù wọn dán géèmù ayò wa wò.

Èmi ni mo kọ apá tó wà lórí fóònù. Saheed ló kọ ti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fóònù àwọn méjì tó ń ta ayò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó wá dán an wò, ló figbe ta. "Elisha, mi ò tíì fọwọ́ kàn án, ayò mi ti rìn! Ṣé àǹjọ̀nnú ló ń bá mi ta á ni?"

"Àǹjọ̀nnú kọ́. Saheed ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni sáfà wà, òun ló ń jí ayò yín ta." Èrò ń rẹ́rìn-ín, ẹnu mi ti gbóná, mo bá kọjú sí i: "Bí bàbá rẹ ṣe ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Ajue, bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ fi géèmù mi dáko!"

Ẹ̀rín pọ̀ sí i. Saheed kò rín. Ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ inú sáfà sórí páálí, ó gbé e síwájú mi, ó lọ.

Ó ku ẹ̀rí. Mo jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí fóònù ń bá sáfà sọ máa gba orí kọ̀ǹpútà mi kọjá, kí n lè fi mú olè. Mo sì mú un! Fóònù ní, "Ihò kẹta." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, èsì pẹ́. Fóònù tún un sọ: "Ihò kẹta." Sáfà ti gba ti àkọ́kọ́, ẹnì kejì ló ń retí, ó sọ èyí di ti ẹnì kejì náà. Orúkọ ẹni tó ta kò sí níbẹ̀. Ta ni kò fi sí i? Èmi! Nídìí ọpọ́n, ta ló ń dárúkọ ara rẹ̀ kó tó ta? Mo gbàgbé pé sáfà kò lójú.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ajue. Saheed àti bàbá rẹ̀ ń sá kòkó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀:

"Dìde, ọmọ mi! Ṣé ìwọ ni Elisha? Ọmọ tó mọ̀wé, tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà! Ibi tí o bá dé, wọn ò ní fojú àlejò wò ọ́."

"Bàbá, kì í ṣe—"

"Ó ń kí yín ni," ni Saheed já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. "Ó ti ń lọ."

Ó sìn mí dé títì.

"Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i. Mo ń dúró kí èrò lọ, kí ojú má baà tì ọ́."

Ó nawọ́ sí ọ̀kadà kan. "Òrè ló ń lọ," ló sọ fún ọlọ́kadà. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó padà sídìí kòkó.